Fi Òsì Bá A Wí, Fi Ọ̀tún Fà Á Mọ́ra

Ẹ kà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:36-41, 2 Tímótì 4:11

 Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn màmá kan yóò ti máa bi mí pé, kí ló pa bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ. Ẹni yòówù tí Ọlọ́run bá fi ṣe olórí, ìbáà jẹ́ lórí ọmọ méjì péré nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Iṣẹ́ kóòṣì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn òun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ikọ̀ Super Eagles lọ sí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2013, agbábọ́ọ̀lù 23 ni kóòṣì lè kó lọ. Àwọn 11 ni yóò bẹ̀rẹ̀ eré, ẹni mẹ́ta péré ni òfin ìgbà náà sì gbà á láyè láti fi rọ́pò wọn. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ eré kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ wọn kò ní kan bọ́ọ̀lù. Àwọn náà ní ìyá tí ń gbàdúrà fún wọn. Àwọn náà ní ará àdúgbò tó jókòó ti tẹlifíṣàn, tó ń retí láti rí ojú ọmọ wọn. Kóòṣì gbọ́dọ̀ wo àwọn mẹ́sàn-án yìí lójú, kí ó sọ fún wọn pé kì í ṣe tiwọn lónìí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó tún fẹ́ kí wọ́n fi tọkàntọkàn sáré níbi ìgbáradì. Bó bá le jù, wọn yóò kórìíra rẹ̀. Bó bá rọ̀ jù, wọn yóò gùn ún bí ẹṣin.

Olóògbé Stephen Keshi, tí gbogbo ayé ń pè ní Big Boss, ló wà nídìí iṣẹ́ yìí lọ́dún náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí ìjókòó. Lọ́dún 1994, nígbà tí Nàìjíríà gba ife yìí ní Tùnísíà, òun ni balógun ikọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn 11 tí kóòṣì Clemens Westerhof fi bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá pẹ̀lú Zambia. Síbẹ̀, nígbà tí eré parí, Keshi ni wọ́n jẹ́ kó gbé ife náà sókè gẹ́gẹ́ bí balógun.

Nígbà tí ọ̀pá àṣẹ wá dé ọwọ́ tirẹ̀, ó le. Ó fi àwọn gbajúmọ̀ kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, ó sì mú àwọn ọmọ tí ń gbá a nínú líìgì wa níbí. Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ wà lára wọn, Sunday Mba náà sì wà níbẹ̀. Joseph Yobo tó jẹ́ balógun ikọ̀, àwọn tó kéré sí i gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí eré méjì àkọ́kọ́ parí sí ọ̀mì, ayò kọ̀ọ̀kan sí ayò kọ̀ọ̀kan, ariwo ta. Ṣùgbọ́n Sunday Mba yìí kan náà ló gbá ayò tó lé Ivory Coast lọ sílé. Òun náà ló tún gbá ayò kan ṣoṣo tí a fi borí Burkina Faso ní àṣekágbá ní Johannesburg, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2013.

Ẹ jẹ́ kí n pè yín síbi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Keshi ní kí Yobo wọlé. Ẹni tó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ wọ pápá, fèrè dún, òun náà sì ló gbé ife sókè bí balógun. Kóòṣì kò tìtorí àánú fi ipò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sì jẹ́ kí ojú tì í níkẹyìn.

Èyí tó wá gún mi lọ́kàn jù ni ti Peter Odemwingie. Ó wà lára àwọn tí Keshi kò mú lọ sí ìdíje 2013. Ó dùn ún, kò sì fi í mọ sínú. Ó tú ìbínú rẹ̀ jáde sí gbangba, gbogbo ayé sì gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, pé ìlẹ̀kùn ti tì pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò lọ sí Ife Àgbáyé ní Bràsíìlì lọ́dún 2014, orúkọ Odemwingie wà níbẹ̀. Orúkọ Yobo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a pàdé Bosnia ní ìlú Cuiabá ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, Odemwingie ló gbá ayò kan ṣoṣo tí a fi borí. Láti ọdún 1998, Nàìjíríà kò tíì borí nínú eré Ife Àgbáyé kankan kí ó tó di ọjọ́ náà. Ayò yẹn wà lára ohun tó gbé wa dé ìpele kejì, kí Faransé tó fi ayò méjì sí òdo lé wa wálé.

Kì í ṣe pé Keshi jẹ́ áńgẹ́lì. Àwọn tó ní agídí rẹ̀ pọ̀jù kò ṣọ̀wọ́n, ó sì ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2016. Ẹ̀kọ́ kan ni mo ń mú jáde: ó ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò ju kọ́kọ́rọ́ sódò.

Ẹ̀yin ará, kí ló yàtọ̀ nínú èyí àti ohun tí a kà nínú Bíbélì wa lónìí? Jòhánù Máàkù bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà jáde lọ sí iṣẹ́ ìwàásù, ó fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó padà sílé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún jáde, Bánábà ní kí wọ́n mú un, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn àgbà méjì yìí pínyà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ka ìtàn náà dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí i dé ìwé kejì sí Tímótì. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ti mọ̀ pé òpin òun kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ló ní kí Tímótì mú wá fún òun? Máàkù ni! Ó ní ó wúlò fún òun nínú iṣẹ́. Ọwọ́ tó tì í sẹ́yìn náà ló nà láti gbà á.

Àṣìṣe méjì ló wà tí àwa olórí máa ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni ti Élì. Ó rí ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe nínú ilé Olúwa, ó bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́kun. Inú rere tí kò lè sọ pé rárá, ìparun ló fi jẹ wọ́n. Ìkejì ni ti Dáfídì. Lẹ́yìn tí Ábúsálómù ti pa arákùnrin rẹ̀, ó sá lọ fún ọdún mẹ́ta. Dáfídì gbà kí ó padà wá sí Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n odindi ọdún méjì ni ọmọ náà fi gbé ìlú kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láì fojú kan án. Ó wà nílé, kò sí nílé. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ẹ má ṣe rò pé orí òkè ni mo dúró sí tí mò ń wàásù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ tí mo wà nígbà náà. A ní òfin pé ẹni tí kò bá wá sí ìdánrawò ọjọ́ Sátidé kò ní wọ aṣọ akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó pa ìdánrawò jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dá a dúró lójú gbogbo ẹgbẹ́. Títí dòní, n kò rí àṣìṣe nínú òfin yẹn. Àṣìṣe mi ni ohun tí n kò ṣe lẹ́yìn rẹ̀. N kò lọ sílé rẹ̀. Mo ní bó bá yá, yóò wá bẹ̀ mí.

Kò wá. Ó pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó sọ fún mi pé Sátidé méjì gbáko ni ọmọ òun fi dúró sẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbọ́ orin wa, tó ń retí pé ẹnì kan yóò yọjú pè é wọlé. Nígbà tí mo fi máa wá a lọ, ó ti kó kúrò ní ìlú. Ẹ̀yin ará, bí mo bá gbọ́ tí akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, mo ṣì máa ń wo ojú fèrèsé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ gbogbo ẹni tó ní ènìyàn lábẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi pa òfin tì. Òfin kan náà ni kí ẹ fi bá ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lò. Bí ẹ bá ń báni wí, ìwà ni kí ẹ bá wí, ẹ má bú ìran ènìyàn mọ́ ọn. Kí ẹ sì tó ti ìlẹ̀kùn, ẹ sọ fún ẹni náà bí yóò ṣe padà wọlé àti ìgbà tí yóò padà. Bó bá wá padà dé, ẹ má gbà á sílé kí ẹ fi í sórí ìjókòó títí láé. Keshi kò pe Odemwingie lọ sí Bràsíìlì láti wá wòran. Ó fi í sínú eré. Ẹ fún ọmọ tó padà wálé ní iṣẹ́ ṣe, ẹ rán an níṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbàdúrà ìdílé. Ìyẹn ni yóò fi mọ̀ pé ẹ ti dárí jì í.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ ló bá Pétérù wí kíkankíkan nígbà tó fẹ́ dí i lọ́nà àgbélébùú. Ìbáwí náà kò kéré rárá. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ Mátíù orí kẹtàdínlógún wò: ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, Pétérù wà lára àwọn mẹ́ta tí Jésù mú lọ sí orí òkè láti wo ògo rẹ̀.

Ta ló dúró sẹ́yìn fèrèsé yín lónìí? Ọmọ tí ẹ lé ni, tàbí ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dá dúró, tàbí arákùnrin tí ẹ ti mú orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́? Ẹ ti lo ọwọ́ òsì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún dà?

Àdúrà: Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o ń nà wá tí o kò sì kọ̀ wá sílẹ̀, fún wa ní ọgbọ́n láti báni wí láìsí ìkórìíra. Fún wa ní ìrẹ̀lẹ̀ láti kọ́kọ́ jáde lọ pe ẹni tí a lé. Àwọn tó ti jìnnà tí ọwọ́ wa kò tó mọ́, jọ̀wọ́, fi ọwọ́ tìrẹ fà wọ́n mọ́ra. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.