Ẹkùn Ìdìbò Ṣómólú àti Ọ̀rọ̀ Bàríga tí Kò Tíì Tán

Ẹni tó bá gba Onípánù wọ Ṣómólú, tó sì ń rìn lọ sí ìhà ọ̀sà, yóò dé Bàríga láìmọ̀. Ilé fara ti ilé, ọjà wọ inú ọjà, ariwo àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó sọ Ṣómólú di ìlú-mọ̀ọ́ká kò sì mọ ààlà. Ìṣèlú nìkan ló mọ ààlà níbẹ̀, ààlà ọ̀hún kò sì dúró sójú kan rí.

Kí ìjọba ológun tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, Yábàá tó múlé ti agbègbè yìí wà lábẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ni Ṣómólú àti Bàríga, Múṣin sì ni wọ́n ń bá rìn. Àtúntò ọdún 1976 ló sọ Ṣómólú di ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tí Èkó ní. Ní ọdún 1980, Gómìnà Lateef Jákáńdè sọ mẹ́jọ yìí di 23. Àwọn ológun tó gbàjọba ní òpin ọdún 1983 tú u ká. Ní 1996, ológun mìíràn gé Kòsọ́fẹ́ kúrò lára Ṣómólú. Nínú gbogbo gígé àti sísopọ̀ yìí, ó ṣòro láti rí ibi tí wọ́n ti bi ará Ṣómólú léèrè.

Ọdún 1996 yẹn náà ni wọ́n pín àwọn ẹkùn ìdìbò tí Nàìjíríà ṣì ń lò. Ìwé òfin ọdún 1999 fi òté lé e pé iye aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 40 lọ, Èkó sì ti kan òté náà: ìjọba ìbílẹ̀ 20, aṣòfin méjì-méjì. Báyìí ni a ṣe ní Ṣómólú Kìíní àti Ṣómólú Kejì. Àwọn kan ní ìdọ́gba ni èyí. Bẹ́ẹ̀, ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 402,673 sí Ṣómólú, ó ka 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, ó ka 117,481 péré sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Ìjọba Èkó kọ àbájáde ìkànìyàn náà, ó ní wọ́n dín ènìyàn òun kù. Síbẹ̀, kò sí ìkànìyàn tí yóò mú kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára dọ́gba. Òfin kan náà ló ní kí iye ènìyàn inú ẹkùn ìdìbò sún mọ́ ara wọn. Ní ti Ilé Aṣojú-Ṣòfin ní Àbújá, ẹyọ aṣojú kan ni Ṣómólú ní, nígbà tí Erékùṣù Èkó, tí ènìyàn rẹ̀ tó bí ìdajì ti Ṣómólú nínú ìkànìyàn yẹn, ní méjì. Ìdọ́gba wo wá nìyẹn?

Ní òdodo, kì í ṣe iye aṣòfin ló ń dun Ṣómólú jù. Bàríga ni. Ní ọdún 2003, Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 sílẹ̀, Bàríga sì wà lára wọn. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ní 2004. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ oṣù Kejìlá ọdún náà sọ pé Ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó dúró. Ó tún sọ pé ètò tuntun Èkó kò tíì pé, àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá fi orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Èkó wá sọ wọ́n di ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè. Ọ̀rọ̀ di ti adìẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àwọn aṣòfin Àbújá ló jẹ̀bi jù, nítorí ilé-ẹjọ́ ti fi iṣẹ́ tó kù lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó náà fara mọ́ orúkọ àdàpè yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

(Ìwé òfin ọ̀hún kò tilẹ̀ kọ Ṣómólú ní àkọtọ́ Yorùbá, “Shomolu” ló wà níbẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé òfin fi ìjọba ìbílẹ̀ sí ara àwọn tí yóò máa bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ṣómólú wà nínú ìwé, owó tirẹ̀ lórúkọ. Bàríga kò sí níbẹ̀. Nínú ìpín Ṣómólú ni ó gbọ́dọ̀ ti jẹ, bí àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ètò ìjọba ìbílẹ̀ tí kò sì mẹ́nu ba èyí, ìdajì ẹ̀kọ́ ló kọ́ wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, Èkó tún dìbò yan alága sí káńsù 57. Wọ́n dìbò ní Bàríga bí wọ́n ṣe dì í ní Ṣómólú, ṣùgbọ́n 20 péré nínú àwọn káńsù náà ni ìwé òfin Nàìjíríà dárúkọ.