Ọ̀nà Owó Tí Kò Dé Sabon Tasha

Inú ń bí mi. Ojoojúmọ́ ni àwọn aláṣẹ wa ń yangàn pé Nàìjíríà ti gòkè àgbà nínú fífi fóònù sanwó. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ opó kan ní Sabon Tasha, ní Kaduna níbí, bá fẹ́ tọrọ àánú lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ní London, ilẹ̀kùn ti tì. GoFundMe, ìkànnì ìdáwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti lè ṣí ojú-ewé ìtọrọ kó sì gbowó.

Owó òkèèrè gan-an ló sì ń gbé nǹkan báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, £10 kò tó 6,000 náírà ní báǹkì. Báǹkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tó fi di 2025, £10 ti ń lọ sí 20,000. Ìrẹsì àti oògùn gbówó lórí, ìdáwó aráàlé kò lè bá a.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè yìí á ní jìbìtì ni àwọn ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti bà wá lórúkọ jẹ́. Àmọ́ nígbà ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá, oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Feminist Coalition gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń kéde iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Báǹkì ti àkáǹtì wọn pa, wọ́n bá gba orí Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì ẹni tó bá ń ṣòwò irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn wà títí di oṣù kejìlá ọdún 2023.

Ta ni yóò kọ́ wa ní ìdáwó? Nígbà tí àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ 121 ní ilé-ìwé Bethel Baptist, Damishi, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Chikun wa yìí, ní 2021, àwọn òbí àti ìjọ ló ṣa owó ìràpadà jọ.

Ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó sì gbàwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó, ìwé náà yẹ kó tó ẹ̀rí pé kì í ṣe oníjìbìtì. Kí Báǹkì Àpapọ̀ gbé e lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè, kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ náà.

Màmá kan tó ń darí ẹgbẹ́ opó ládùúgbò wa sọ fún mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ní Peckham ló bá àwọn ṣí ojú-ewé, lórúkọ ara rẹ̀. Báǹkì rẹ̀ ní kó wá ṣàlàyé ibi tí owó ti ń wá, wọ́n dá owó dúró. Àwọn opó ń pè é lemọ́lemọ́, ọmọ náà ní wọ́n ń pe òun lólè. Owó padà dé, wọ́n fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò bá àbúrò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn kò dán an wò mọ́. 500 náírà ni kálukú ń dá lọ́jọ́ ìpàdé.