Oyún eléwu: òru kọ́ ni wọ́n ń wá owó rẹ̀

Bí obìnrin bá bímọ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, ohun tí ará àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni "ẹ kú ewu ọmọ." Ìkíni yẹn nìkan tó láti fi hàn pé àwọn àgbà mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú oyún. Orúkọ àmútọ̀runwá náà jẹ́rìí sí i. Ìgè ni ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde, Òjó àti Àìná ni èyí tí okùn ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn, Táyé àti Kẹ́hìndé kò sì ṣàjèjì sí ilé Yorùbá kankan. Àmọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an làwọn àgbà ń mọ irú ọmọ tó ń bọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ scan ń fi ìbejì hàn ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ó sì ń fi ọmọ tó kọ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí wọ́n rí jèrè yẹn ló yẹ kí oníṣòwò lò dáadáa.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló mọ iye àpò gààrí tó kù ní ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí owó oníbàárà máa wọlé, ṣùgbọ́n tí kò ní kọ́bọ̀ kan nílẹ̀ fún oyún ìyàwó rẹ̀ tàbí ti ara rẹ̀ títí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro aboyún lóru. Ìgbà náà ni wọ́n á ta ọjà ní àtàdànù, wọ́n á yá owó sọgúndógójì, awakọ̀ á sì bu iye tó bá wù ú. Ìyá àti ọmọ lè yè é, kí òwò má yè é. Bẹ́ẹ̀, kò sí gbèsè mìíràn tó ń sọ ọjọ́ tó máa dé ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú bí oyún.

Kì í ṣe gbogbo oyún ló léwu bákan náà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tó ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí, ẹni tí ọmọ ti kú mọ́ nínú rí àti ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 35 nílò àmójútó ju ẹlòmíràn lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i pé kí aboyún tí irú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́ẹ̀ wà fún máa lo aspirin 75mg lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún un, ó sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Ẹni tó dé klínììkì ní oṣù keje ti pàdánù ìyẹn. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà fún ẹni tí gìrì aboyún ń halẹ̀ mọ́. Ìwádìí Magpie ti ọdún 2002, tí wọ́n ṣe fún obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Bí ibi ọmọ bá sì dí ojú ọ̀nà, scan á fi hàn, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ á ti wà nílẹ̀. Bí wọn ò bá mọ̀, òru ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ní 1994, olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, ṣàlàyé pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: kí ilé má tètè pinnu, kí wọ́n má tètè dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n má sì tètè rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀. Èyí kan gúúsù Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nítòsí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le, Adó-Èkìtì, Ìdó-Èkìtì tàbí Àkúrẹ́ ni wọ́n ń darí aboyún sí, owó ọkọ̀ àti owó ìdúró sì ń wọlé dè é.

Àwọn ará Oǹdó tó múlé ti Ìkẹ́rẹ́ ti fi hàn pé nǹkan lè yí padà. Ní 2009, ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n lè pè, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe ọkọ̀ aláìsàn. Ní 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2017, owó dé sí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ètò ń gba ẹ̀mí là, ẹni tó bá sì gbé gbogbo ara lé ìjọba lè bá a ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí ẹgbẹ́ ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ télọ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá àjọ. Bí èèyàn 40 bá ń dá ₦200 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ 40, tí í ṣe iye ọ̀sẹ̀ tí oyún ń lò, ₦320,000 ló máa wà nínú àpò. Kí àpò náà san owó fún awakọ̀ àti ilé ìwòsàn ní tààrà, kí ẹni tó lò ó sì dá a padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé. Kí wọ́n bá awakọ̀ méjì dúnàádúrà ṣáájú, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ àti irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn sílẹ̀. Òfin ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì náà ní ètò tirẹ̀, kí oyún tó dé ló sì yẹ kí èèyàn ti forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀gá náà ní ojúṣe. Abala 54 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Bí dókítà bá kọ̀wé pé àìsàn tó jáde láti inú oyún ló dá a dúró sílé pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò náà.

Oníṣọ́ọ̀bù kékeré lè sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá òun tajà, pé bó bá lọ sí klínììkì, ilẹ̀kùn á tì. Ìgbà 8 ni WHO ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera kó tó bímọ. Òwúrọ̀ mẹ́jọ kò tó ohun tó máa ba òwò jẹ́, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kan tí wọ́n fi dù ú nítorí ọjọ́ ọjà lè jẹ́ èyí tí wọn ì bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ló ń sọ aboyún kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àdúrà kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò WHO, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà ní 2023, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti gbogbo ayé lọ. Oníṣòwò wà lára wọn, ìyàwó oníṣòwò wà lára wọn. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọ̀rọ̀ àpò aboyún sínú ìpàdé rẹ̀ tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọn kì í ṣe lóru.