Kí A Má Gbàgbé Ọrùn

Bí apá ọ̀tún ọkùnrin kan bá rọ láàárọ̀ bí ewé tí oòrùn pa, tí ahọ́n rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí ó tún fi apá kan náà jẹ iyán rẹ̀ lọ́sàn-án, ọpẹ́ ni àwọn ará ilé rẹ̀ yóò máa dá pé ibi ti kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ibi náà ṣì lúgọ sí ọrùn rẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni ó ń gba ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí iwájú ọpọlọ. Nígbà tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ògiri wọn, ọ̀nà a fún, ẹ̀jẹ̀ dídì a sì máa já níbẹ̀ lọ dí iṣan kéékèèké nínú orí. Sikáànì tí àwọn aláboyún fi ń wo ọmọ inú lè fi èyí hàn: ó ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú ọrùn, ìró náà a sì padà bọ̀ láti ara ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, níbi tí ọ̀nà bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ a máa sáré bí odò tí ó há sáàárín àpáta, ẹ̀rọ a sì ka eré náà. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí a tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí àmì rọparọsẹ̀ ti bá, tí iṣan ọrùn wọn sì fún dé ìwọ̀n 70 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 26 ni rọparọsẹ̀ kọ lù láàárín ọdún méjì bí wọ́n bá ń lo oògùn nìkan, ṣùgbọ́n 9 péré nínú àwọn tí oníṣẹ́-abẹ ha ọ̀rá náà kúrò fún.

Àwọn kan yóò wí pé láàárín ènìyàn dúdú, inú orí ni ìdènà náà sábà máa ń wà, àti pé ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ pọ̀ láàárín wa. Òótọ́ ni, ìdí nìyí tí àwòrán orí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú; ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ wà lọ́rùn, kí ni iye àwọn tí tiwọn wà lórí yóò ṣe fún un? Bí oníṣẹ́-abẹ kò tilẹ̀ sí nítòsí, ẹni tí a bá rí ọ̀rá lọ́rùn rẹ̀ yóò mọ ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ fi oògùn rẹ̀ ṣeré.

Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ó ti ní sikáànì fún aláboyún, kí ó kọ́ ọwọ́ tí ń dì í mú ní iṣẹ́ ọrùn pẹ̀lú. Kí ó sì tètè pe ọkùnrin tí ó jẹ iyán rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ lérè jù.