Ta Ló Fi Yín Jẹ Adájọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì. Bí ẹjọ́ ńlá kan bá ti bẹ́ sílẹ̀ nílùú, kí ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tán, àwọn ènìyàn wa ti dá a nínú bọ́ọ̀sì, nídìí ẹ̀rọ àti ní búkà. "Òun ni. Ẹ ò rí ojú olè lójú ẹ̀? Ẹ yìnbọn fún un!" Ta ló rí i níbi tó ti ṣe é? Kò sí. Ta ló gbọ́ tẹnu rẹ̀? Kò sí. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti délẹ̀.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà.

Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ni yóò mú ẹ̀rí wá. Àwọn kan ń sọ pé òfin òyìnbó ni, òfin àwọn lọ́yà tó ń gbowó lọ́wọ́ adigunjalè. Irọ́ ni. Òfin tálákà ni. Olówó ní ẹni tí yóò tẹ̀ láago lóru. Àwa kò ní ju òfin náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ Nasiru Bello yẹ̀ wò, nítorí ilẹ̀ wa níhìn-ín ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìdigunjalè kàn án, ilé-ẹjọ́ gíga ní ó jẹ̀bi, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹjọ́ náà wà nílẹ̀, wọn kò tíì gbọ́ ọ, ni ìjọba ìpínlẹ̀ bá pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981. Ìjọba alágbádá ni o, kì í ṣe ti ológun. Àwọn ẹbí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó di ọdún 1986 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu, pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Bóyá ó jalè, bóyá kò jalè, ilé-ẹjọ́ tí ì bá yẹ̀ ẹ́ wò kò bá a láyé mọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọlọ́pàá kò ní ṣàdédé mú ènìyàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Àbújá, ọkùnrin márùn-ún tó ń ta páàtì mọ́tò ní Apo àti obìnrin kan. Wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ó hàn pé irọ́ ni. Ní ọdún 2017 ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ká ní wọ́n tẹ́ òkú àwọn ọmọ náà sí ojú títì lọ́jọ́ kìíní, mélòó nínú yín ni kò ní pàtẹ́wọ́?

Kì í sì í ṣe ọlọ́pàá nìkan. Ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, àwọn ará ìlú na akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, wọ́n ní wọ́n jí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ní 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo gba Ìkòròdú kan, wọ́n pa apanilẹ́rìn-ín kan àti ẹni méjì mìíràn, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. A kò sọ pé kí ará Ìkòròdú má bínú. Odindi ìdílé ni àwọn òṣìkà náà ń pa lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ti ṣíìfù òru bọ̀ nígbà náà mọ bí ó ti rí: ẹni tí kò bá tètè sọ ibi tó ń lọ, ó ti di Badoo.

Kóòtù ń fi falẹ̀, a mọ̀. Àwọn tó ń retí ẹjọ́ ló pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Ṣé nítorí pé kóòtù ń fa ẹsẹ̀ ni kí táyà wá di adájọ́? Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó kó owó ìjọba jẹ, ìlù ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Ẹni tó jí fóònù ni wọ́n ń wá bẹntiróòlù sí.

Kí ló kan òṣìṣẹ́? Bí ẹrù bá dín nínú lọ́rì, awakọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì mọ́lé, ọmọ mọ́tò á tẹ̀lé e. Bí wáyà bá sọnù nílé-iṣẹ́, ìwé ìdádúró á ti dé kí ọlọ́pàá tó dé. Nínú ẹ̀ka yìí, ẹni tí a jọ ń san owó ẹgbẹ́ wọ àtìmọ́lé, àwọn kan ní àwọn kò lè lọ gba béèlì olè. Olè wo? Kóòtù wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé wà lájà fún ìyàwó. Wọ́n sì tún ń to àwọn afurasí sílẹ̀ bí ẹja tútù fún àwọn oníròyìn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní 2021 pé kí ọlọ́pàá jáwọ́ níbẹ̀. Bí kóòtù bá dá ẹni náà sílẹ̀, ta ni yóò tún fọ́tò rẹ̀ yà?

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, a ó gbé àbá kalẹ̀ pé kí owó lọ́yà wà nílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, àti pé kí ọ̀gá kankan má lé ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀sùn olè kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀ níwájú aṣojú ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ ọ́ lójú ìpàdé, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀sì.