Ẹ Bi Àgbà Léèrè Kí Ẹ Tó Bi Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ó sì kù díẹ̀ kí ó ba ìgbéyàwó jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ẹdẹ níbí.

Àbúrò mi ọkùnrin ní ọmọbìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Tìmì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà kan, ọmọ Ẹdẹ bíi tiwa, ni ó fẹ́ ẹ. Àwọn òbí ti mọ ara wọn, a ti jẹ iyán ara wa, a sì ti dá ọjọ́ ìdána. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni mo rí ìyá ọmọkùnrin náà tí ó ń sunkún bọ̀, tẹlifóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà wá! Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí."

Mo gba tẹlifóònù náà, mo fi awò sójú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí wọ́n ń pè ní FamilySearch, tí àwọn ènìyàn ti ń to orúkọ ìran wọn sílẹ̀ láti orí bàbá dé orí bàbá ńlá. Mo rí orúkọ bàbá tí ó bí bàbá mi. Mo rí ìran wa lábẹ́ rẹ̀ ní apá kan. Mo wo apá kejì, mo rí ìran ọmọkùnrin náà! Àfi bí ẹni pé bàbá kan ṣoṣo ni ó bí gbogbo wa.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni méjì tí ó bá ti orí bàbá kan ṣẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Bí ẹ̀sìn kan tilẹ̀ gbà wọ́n láyè láti fẹ́ ara wọn, ilé wa kò gbà á.

Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Èmi gan-an ni mo ṣe é. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ bàbá tí ó bí bàbá yín?" Ojú ń kán mi lọ́jọ́ náà, mò ń lọ sí báǹkì. Mo dá orúkọ kan fún un, mo ní "Ẹdẹ," mo sì pa fóònù. N kò sọ agboolé. N kò sọ orílẹ̀. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ilé ìwé! Àjàní mélòó ni ó wà ní Ẹdẹ? Ràfíù mélòó?

Ìbátan ọmọkùnrin náà kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ bàbá ńlá tiwọn náà sílẹ̀: orúkọ kan náà, ìlú kan náà. Ẹ̀rọ rí i, ó béèrè bóyá ẹnì kan náà ni wọ́n. Ẹnì kan tí kò mọ ilẹ̀ Ẹdẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pa àwọn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

N kò bú àwọn tí ó ni ibẹ̀. Ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ní Utah, Amẹ́ríkà, ni ó ni ín; ní 1894 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ó bí i sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìran kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń kọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè fi òkú ilé rẹ̀ kún un, ó sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ kọ. Oko àjọro ni. Bí ẹnì kan bá gbin iṣu, gbogbo wa ni a ó jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbin èpò, gbogbo wa ni a ó bẹ̀rẹ̀ tu ú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kó bàbá ìyàwó àti ọkọ àfẹ́sọ́nà lẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ìyá tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. A dọ̀bálẹ̀, a ro ẹjọ́. Ìyá gbọ́ ọ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àjàní, orúkọ ni ẹ rí, ẹ kò rí ènìyàn." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá wọn. Wọ́n kì í dé Ọ̀fà, wọ́n kì í dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n dárúkọ ìyá tí ó bí i. Wọ́n ní, "Bàbá mi kú nígbà tí ogun Hitila ń jà lọ́wọ́, mo ṣì ń kiri ẹ̀kọ. Ti àwọn ọmọ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Oníkòyí ni. Ọdẹ ni. Nígbà tí wọ́n fi Láoyè jọba, ó wà nínú àwọn ọdẹ tí ó yìnbọn."

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣírò rẹ̀ fún wa. Ogun Hitila parí ní 1945. Ní 1946 ni Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè jọba. Báwo ni ẹni tí ó ti kú yóò ṣe tún yìnbọn níbi ìwúyè?

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a fi ẹnu ẹnì kan dá ẹjọ́. A ránṣẹ́ sí ilé ọmọkùnrin náà. Ó dùn mí pé ìyá kan tí ó mọ ìtàn ilé wọn dáadáa kú nígbà ààwẹ̀ tí ó kọjá, ẹnì kan kò sì bi í ní ohunkóhun kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tú àpótí àtijọ́ kan, wọ́n sì bá rìsíìtì owó orí bàbá ńlá wọn níbẹ̀, tí ọdún 1948 wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Ọ̀rọ̀ parí. Òkú kì í san owó orí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ya àwọn bàbá méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń pa ohun tí wọ́n ti yí padà mọ́, ènìyàn sì lè dá a padà. Ó kọ ìdí rẹ̀ sí i, ó sì fi ohùn Ìyá tí a gbà sínú fóònù kún un, kí ẹni tí ó bá tún fẹ́ pa wọ́n pọ̀ lè gbọ́ oríkì ná.

Ẹ̀rọ tún lè ṣe òdìkejì rẹ̀, kí ó sọ tẹbí di àjèjì, pàápàá ní Ẹdẹ níbí. Ìyá kan náà a bí Ràfíù, a bí Jòhánù, ọmọ kẹta a sì di babaláwo. Àwọn ọba wa pàápàá rí bẹ́ẹ̀: Habibu Ọlágúnjú ni Tìmì àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Láoyè sì jẹ́ Onígbàgbọ́. Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones tilẹ̀ ṣe olóòtú odindi ìwé kan ní 2017 lórí bí àwọn ẹlẹ́sìn ti ń bá ara wọn gbé ní ìlú wa yìí. Nígbà tí ilé ìwé sì dé, ẹ̀gbọ́n lè fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé, kí àbúrò fi orúkọ bàbá àgbà ṣe tirẹ̀. Ta ni yóò sọ fún ẹ̀rọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n?

Kí ẹnì kan má sì sọ pé iṣẹ́ asán ni iṣẹ́ yìí. Àwọn baba wa ní ẹrú náà ní baba, ọ̀nà ni ó jìn. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Mélòó ni kò rí irú oore bẹ́ẹ̀? Àwọn akọ̀wé ní Freetown àti Havana kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ti ga tó. Orúkọ tí ó ju 90,000 lọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní African Origins. Àwọn akọ̀wé náà kò gbọ́ èdè wa, bí etí wọn ti gbọ́ ọ ni wọ́n kọ ọ́. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ pè é sókè. Ohun tí ó ṣàjèjì lójú lè jẹ́ Àìná tàbí Òjó létí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kọ́.

Èkínní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ lọ bá àgbà tí ó dàgbà jù, ẹ mú ẹ̀bùn díẹ̀ dání, ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù. Ẹ béèrè agboolé, orílẹ̀, oríkì, ilà ojú àti èèwọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Èkejì, bí àgbà kò bá mọ ọdún, ẹ bi í ní ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ọba wo ni ó wà lórí oyè, ogun wo ni ó ń jà.

Ẹ̀kẹta, ẹ tú àpótí. Rìsíìtì owó orí, ìwé ilẹ̀, ìwé ìtẹ̀bọmi, rẹ́jísítà ilé ìwé, ìwé gbèsè àwọn oníṣòwò: ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ìjọba àtijọ́ lè lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹrin, nígbà náà ni kí ẹ tó dé orí ẹ̀rọ. Ohun tí ẹlòmíràn bá kọ, ẹ béèrè ẹlẹ́rìí rẹ̀ kí ẹ tó dà á kọ. Ẹ má kó orúkọ àti ọjọ́ ìbí alààyè síta gbangba. Gbájúẹ̀ lè fi wọ́n wọ inú owó yín.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá rí i pé ẹrú tàbí ìwọ̀fà wà nínú ìran kan, ẹ pa ẹnu mọ́ títí ẹ ó fi bi àwọn àgbà ilé náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Ìdána wa di Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá àgbà ní dandan ni kí a gbé àwọn dé ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ ki ìyàwó, wọ́n sì fẹ́ ki ọkọ pẹ̀lú, kí gbogbo ayé lè gbọ́ pé oríkì méjì ni. Fóònù mi yóò wà ní títàn o.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú wọn nílé, kí ni ẹ ń dúró dè? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.