Obìnrin àti Mọ́tò Eré Ìje

Ẹ̀yin ìyá àti ọmọge wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò eré ìje kò kan obìnrin. Shirley Muldowney ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré sísá ní títì ìlú Schenectady, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ NHRA fún ní ìwé àṣẹ láti wa mọ́tò Top Fuel, ní ọdún 1973. Ó gba adé ọdún ní 1977, 1980 àti 1982.

Ṣùgbọ́n ní 1984, ní ẹ̀bá Montreal, táyà iwájú kan bàjẹ́ lórí eré. Mọ́tò náà fọ́, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rún. Ní 1986 ni ó tó padà sórí pápá.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ sá eré ìdámẹ́rin máìlì yìí, ẹ bi í léèrè: Táyà ńkọ́? Búréèkì ńkọ́? Ṣé ọ́ìlì kò jò? Bẹ́líìtì àti àṣíborí dà? Kí ó gbé mọ́tò náà síwájú àwọn olùyẹ̀wò pápá, kí ó má ṣe sáré ní títì tí ará ìlú ń rìn. Bí ó bá ń kánjú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.